Ẹ̀rín Tó Já Òwú

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé láti ilé ìwòsàn lọ́sàn-án yìí, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ikùn. Èmi àti ìyàwó mi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún wọn ní yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí mo ti ń kọ̀wé, nítorí pé wọn ò lè gun àtẹ̀gùn. Mo ti gbé tábìlì mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Òjò ń rọ̀ títí a fi ṣe tán.

Dókítà ti ka òfin fún wa lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan wúwo, wọn ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ wúkọ́ láìfi ìrọ̀rí ti ikùn. Ó ti ń lọ kó tó yíjú padà sí mi.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń kọ nǹkan apanilẹ́rìn-ín inú ìwé ìròyìn yẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ń tún ọrùn aṣọ mi ṣe láti gba ìyìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí wọn. Ẹ̀rín músẹ́ ni mo yọ̀ǹda. Ẹ̀rín àrín-tàkìtì, ó di ìgbà tí a bá yọ òwú ojú ọgbẹ́."

Gbogbo wa fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, àfi Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n di ikùn mú, tí wọ́n tẹjú mọ́ àjà bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà

Ìyàwó mi bi mí pé ta ni yóò wá ṣe adájọ́ báyìí. Ó fi ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n n kò lè jẹun tán. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ̀wé, kò sí ìtàn mi kan tó kúrò nílé tí n kò kọ́kọ́ kà sétí Ẹ̀gbọ́n. Wọn kì í sọ pé ó dára, wọn kì í sọ pé kò dára. Bí wọ́n bá fi imú rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ṣì kù. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ gbá itan, tí wọ́n ní, "Gbé e kúrò níwájú mi jàre," ìtàn náà ti jinná nìyẹn. Kí oṣù tó ń bọ̀ tó dé àárín, odidi ìwé gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ olóòtú, mo sì ṣì ní àwọn ìtàn tí kò tíì rí adájọ́, pàápàá èyí tí mo kọ nípa ọkùnrin tó lọ ra bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ kà á fún mi," ni ìyàwó mi wí. "Ṣé èmi ò ní eyín tí mo fi ń rẹ́rìn-ín ni?"

Mo kà á. Ó rẹ́rìn-ín ní gbogbo ibi tó yẹ. Ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹnu mi ló ń wò, ó ń dúró de ibi tí màá ti dánu dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà

Ara Ẹ̀gbọ́n ń balẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi ń pààrọ̀ bandéèjì, wọ́n ní kó gbé dígí wá kí àwọn wo iṣẹ́ ọwọ́ dókítà. Iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n fi tọ́ mi.

"Ta ló rán èyí? Ó ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì. Bí ọmọ iṣẹ́ mi bá rán aṣọ báyìí, màá ní kó tú u kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u."

"Mo ní *bí* ó bá jẹ́ aṣọ ni."

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n kàwé sétí àwọn. Mo wá ìwé tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Mo rí ọ̀kan tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń la títì. Kí n tó dé ibi tí wọ́n ti ń da òkúta, Ẹ̀gbọ́n ti sùn. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo jókòó, mo ń wo ẹnu wọn tó là díẹ̀, mo sì ń ronú pé etí tó dára jù láyé nìyí, ó ń ṣòfò.

Irú èrò wo nìyẹn?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà

Olóòtú pè. Ó ti ka ìtàn bẹ́ẹ̀dì, àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ láìkà á sétí Ẹ̀gbọ́n.

"Mo kà á dópin," ló wí, "ojú mi gbẹ. Bóyá èmi ni. Ṣé Adájọ́ ti gbọ́ ọ?"

"Ara wọn ò tíì yá."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ìwọ náà tún un wò."

Mo tún un wò títí ó fi rẹ̀ mí. Bí ènìyàn bá wo àwàdà ara rẹ̀ pẹ́, yóò dà bí ọ̀rọ̀ tí a pè lápètúnpè títí tí kò fi nítumọ̀ mọ́. Mo ti ka ohun tí àwọn ọlọ́gbọ́n kọ nípa ẹ̀rín. Àwọn kan ní ìgbéraga ni: ẹni tó dúró ló ń fi ẹni tó ṣubú rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ní ìtura ni. Kò sí èyí tó sọ fún mi bóyá ọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì yìí dùn àbí kò dùn. Ẹni tó mọ̀ ń bẹ ní yàrá kejì, ó fi ìrọ̀rí ti ikùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹfà

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí láti ọ̀sán ni mo ti ń sọ ọ́ bí kò ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìyàwó mi ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ké sí mi pé kí n bá àwọn bu omi kí àwọn fi lo oògùn. Omi nìkan ni wọ́n béèrè. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé ife, mo ti há ìtàn bẹ́ẹ̀dì mọ́ abíyá. Ẹni tó gbé omi lọ́wọ́, tó há ìwé mọ́ abíyá, mọ ohun tó ń wá.

"Kí nìyẹn?"

"Kò sí nǹkan, Ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ mi ni."

"Iṣẹ́ rẹ ló wá kí mi?"

Mo ní bí wọ́n bá fẹ́, mo lè ka ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ pani lẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n lo oògùn wọn, wọ́n fa ìrọ̀rí mọ́ra. "Kà á."

Ọkùnrin kan lọ ra bẹ́ẹ̀dì. Ó dùbúlẹ̀ lórí ọ̀kan láti dán an wò, oorun gbé e lọ, òǹtajà sì bò ó láṣọ. Oníbàárà mìíràn wọlé, ó tẹ bẹ́ẹ̀dì náà wò, ó ní ṣé ọkùnrin yìí wà nínú iye tí wọ́n pè é ni, àbí wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Níbẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ti fi imú rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n imú nìyẹn, itan ni mo fẹ́. Mo kà á dé ibi tí ìyàwó ọkùnrin náà ti wọlé, tó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ná ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, tó ní, "Ẹ máa gbé e lọ, mo fi ta yín lọ́rẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà á padà o!"

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, tó mi bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ wọn fò kúrò lórí ìrọ̀rí, ó gbá itan.

Mo mú bíírò, mo sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn. Mo sàmì náà tán kí n tó gbójú sókè.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹnu wọn ṣì là, ṣùgbọ́n kò sí ohùn níbẹ̀ mọ́. Iwájú aṣọ wọn ti ń rin.

"Àbúrò," ni wọ́n wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, "òwú ti já."

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àgbà ń gé bandéèjì, ó ń béèrè láìwo ojú ẹnikẹ́ni: kí ló ṣe wọ́n?

"Ikọ́ ni," ni ẹnì kan wí. Ohùn mi ni.

Ẹ̀gbọ́n yí ojú sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Wọ́n yí i padà sí nọ́ọ̀sì. "Ikọ́ ni," ni àwọn náà wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹfà

Apá ìsàlẹ̀ ọgbẹ́ náà ló là. Wọ́n fi gọ́ọ̀sì tí a rẹ sínú omi iyọ̀ dí i. Wọ́n ní àwọn yóò tún un rán. Gọ́ọ̀sì ti tún gbówó lórí.

Mo sọ fún ìyàwó mi náà pé ikọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹfà

Irọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ya fọ́tò àyà Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti gba itọ́ wọn lọ yẹ̀wò. Wọ́n ń fún wọn ní oògùn ikọ́ kan tó pọ́n bí omi osùn, Ẹ̀gbọ́n ní ó korò bí òróòro. Mo wo bí wọ́n ṣe gbé e mì, tí wọ́n di ojú, tí wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

"Ìyá, ẹ wúkọ́ kí n gbọ́," ni nọ́ọ̀sì àgbà wí.

Ẹ̀gbọ́n wúkọ́. Ikọ́ ẹni tí a fi tipátipá rán níṣẹ́.

"Èyí ló já òwú? Èyí ò lè pa àtùpà."

Obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì gbé ẹnu sí i. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé wọn dé ni mo ti ń retí ikọ́ yẹn. Ikọ́ tiyín yìí, Ìyá, ó ń tijú èèyàn ni?"

Wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run ń wò mí.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹfà

Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀. Kò lè fi oògùn ìsùn sára ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rán ikùn tí ikọ́ yóò tún tú lọ́jọ́ kejì. "Ẹ jẹ́ ká wá ìdí ikọ́ yìí ná. Mo mọ̀ pé ọgbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ kò dáa, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ ṣe?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́!

Ara Ẹ̀gbọ́n gbóná nírọ̀lẹ́.

Mo ti jókòó síbi tábìlì yìí, mo ń bi ara mi pé kí ni mo ń bẹ̀rù. Kò sẹ́ni tí yóò tì mí mọ́lé nítorí ìtàn. Ohun tí mo rí nígbà tí mo gbẹ́ ẹ délẹ̀ ni pé mò ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi mí ṣẹ̀sín. Òǹkọ̀wé apanilẹ́rìn-ín kan fi àwàdà já ikùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ìwé ìròyìn tèmi gan-an yóò gbé e síwájú. Ẹ̀rín ni mo fi ń jẹun láti ìgbà èwe, ẹ̀rín náà ni mo ń sá fún, tí mo sì fi ọgbẹ́ ẹlòmíràn ṣe ibi ìsápamọ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

Iná ara wọn kò lọ. Mo dúró títí obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì fi lọ wẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn."

"Kí o sọ kí ni? Kí wọ́n lè máa wí nínú wọ́ọ̀dù pé ọmọ tí mo tọ́ ló fi ìwé pa mí?"

"Ẹ ò tíì kú."

"Mo mọ̀. Òkú kì í mu oògùn ikọ́."

"Wọn ò ní rán yín, Ẹ̀gbọ́n. Ikọ́ ni wọ́n ń dúró dè."

Wọn ò mọ ìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Wọ́n rò pé oògùn kíkorò nìkan ni owó orí irọ́ náà, wọ́n sì ti ń san án fún mi láìráhùn.

"Mo sàmì sí i," ni mo wí. "Kí n tó wò yín, mo kọ́kọ́ sàmì sí ìlà yẹn."

"Mo rí ọ."

Wọ́n yí ojú sí ògiri. "Máa lọ sílé. Òjò ń ṣú."

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹfà

Dókítà àti nọ́ọ̀sì àgbà wà nídìí tábìlì wọ́ọ̀dù nígbà tí mo dé. N kò jókòó.

"Kì í ṣe ikọ́," ni mo wí.

"Kí ni kì í ṣe ikọ́?"

"Ohun tó já òwú. Ìtàn ni."

"Ìtàn?"

"Mo ka ìtàn kan fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín."

Dókítà rọra gbé kálámù rẹ̀ kalẹ̀. "Lẹ́yìn tí mo bá yín sọ̀rọ̀?"

"Lẹ́yìn rẹ̀ ni."

"A wá ń fún wọn lóògùn ikọ́ láti ọjọ́ yìí."

Nọ́ọ̀sì àgbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Mo wí! Mo ní ikọ́ wo ló máa ń rí dókítà tó ń sá!"

Mo ń dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti múra ojú tí màá fi gbà á. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ mọ̀ pé à bá ti rán wọn láti ọjọ́ Àbámẹ́ta," ni dókítà wí. Kò pariwo. "Iná tó wà lára wọn yìí, ó ṣeé ṣe kó má wáyé." Ó ti dìde kó tó sọ ọ́ tán, ó ń pe àwọn tó ń ṣètò yàrá iṣẹ́ abẹ.

Mo sọ fún ìyàwó mi nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́. Ó bu oúnjẹ, ó jókòó, kò jẹ ẹ́.

"Omi ni wọ́n béèrè," ló wí nígbà tó yá.

Kò tíì sọ nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹfà

Wọ́n gbé wọn wọlé láàárọ̀. Ìdọ̀tí ti wọ inú ọgbẹ́ náà, wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó rán an. Wọ́n gbé wọn jáde. Wọ́n ń mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹfà

Iná ara ti ń lọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà lẹ ìwé kan mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì wọn: ALÁÌSÀN KÒ GBỌ́DỌ̀ RẸ́RÌN-ÍN. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi bíírò kọ ọ́ pé: Àbúrò kò gbọ́dọ̀ mú ìwé wọlé.

"Ẹ tú àpò yín," ló wí fún mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwé inú páálí oògùn lásán ni."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Rárá."

"Ẹ máa wọlé."

Ìyàwó mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, nípa ọṣẹ àti kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Keje

Ẹ̀gbọ́n tún ti dé. Yàrá kan náà, ìrọ̀rí kan náà. Wọ́n ti rù, ọrùn wọn ti tẹ́ẹ́rẹ́. Ìyàwó mi ló ń bu omi fún wọn báyìí. Kò sẹ́ni tó pín iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló kàn ń tètè dìde.

N kò lè kọ nǹkan kan. Bí mo bá ti rí ibi tó lè pani lẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi á dúró fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Keje

Olóòtú pè lọ́sàn-án. Mo sọ fún un pé màá yọ ìtàn bẹ́ẹ̀dì. Ó béèrè ìdí, mo ní ohun tó ti ná wa ti pọ̀ jù. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mo ń hù.

Ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ láti inú yàrá. "Yọ ọ́," ni wọ́n wí. "Kò dùn."

Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n ẹ rẹ́rìn-ín."

"Mo rẹ́rìn-ín."

"Ẹ gbá itan."

"Mo gbá a." Wọ́n ń fi ìka ká etí aṣọ ìbora bí ẹni tó fẹ́ ṣẹ́ ẹ létí. "Ṣé o ò mọ bí ojú rẹ ṣe rí lọ́jọ́ náà ni? Ojú ọmọ tó ṣubú, tó ń wò mí bóyá kóun sunkún àbí kóun má sunkún. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí o bá ṣubú, mo máa ń rẹ́rìn-ín ni. Bí mo bá ti rẹ́rìn-ín, wàá dìde, wàá gbọn eruku nù, wàá rẹ́rìn-ín tìẹ. Bí mo bá kígbe, ilé ò ní gbà wá. Kí ni ǹ bá ṣe? Ìyá ò sí níbẹ̀, mi ò sì tíì dàgbà."

"Ìyẹn lẹ ti ń ṣe sí ìtàn mi láti ọjọ́ yìí?"

"Àwọn kan pa mí lẹ́rìn-ín."

"Èwo níbẹ̀?"

"Má bi mí. Mi ò kà wọ́n."

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró nínú òjò wínníwínní. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé adájọ́ ni mo gbé ìwé tọ̀ lọ, ọ̀dọ̀ ìyá ni mo ń gbé orúnkún tó bó lọ. Ẹ̀rín tó ti inú ènìyàn wá fúnra rẹ̀, bóyá ìrọ̀rí ì bá dì í mú. Èyí tí wọ́n fi agbára fà jáde nítorí tèmi ló já òwú. N kò wá mọ èyí tó burú jù nínú kí àwàdà mi ya wọ́n ní ikùn àti kí wọ́n fúnra wọn ya á kí n má bàa mọ̀ pé kò dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Keje

Mo kó ìwé náà lọ fún olóòtú, láìsí ìtàn bẹ́ẹ̀dì nínú rẹ̀. Ó gbé e lọ́wọ́ wò.

"Ó fẹ́lẹ́. Àwọn tuntun inú rẹ̀ yìí, ta ló gbọ́ wọn?"

"Kò sẹ́ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé wọ́n dùn?"

"Mi ò mọ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó ń dúró de ìyókù àwàdà náà. Nígbà tí kò rí i, ó ti ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Keje

Dókítà yọ òwú lánàá. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀la ni wọ́n ń padà sílé wọn. Oòrùn ràn díẹ̀ lónìí, a gbé àga síta, ìyàwó mi ń sá aṣọ.

"Ka nǹkan fún mi kí n tó lọ," ni wọ́n wí.

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ nǹkan fún mi."

"Èmi? Kí ni mo mọ̀ sọ?"

Mo ní ohunkóhun. Wọ́n wo aṣọ lórí okùn, wọ́n ní ó dáa, ṣé mo rántí obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì? Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín obìnrin náà, nọ́ọ̀sì àgbà àti igo oògùn ikọ́ tó kù, lẹ́yìn tí àṣírí tú. N kò mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n sọ tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò kánjú. Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń gé aṣọ, níbi tó yẹ gẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ìdí rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ìyàwó mi ju aṣọ tútù sílẹ̀, ó sáré wá wò bóyá nǹkan ti ṣe wá.

Ẹ̀gbọ́n ò tíì rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ń wo ojú mi, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń wo tiwọn.

"Ó dùn lóòótọ́?"

"Ó dùn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò mí."

Wọ́n wò mí dáadáa. Nígbà náà ni wọ́n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jẹ́ kí tiwọn náà jáde.

"Wàá kọ ọ́ sínú ìwé," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n nu ojú tán.

Mo ní n kò ní kọ ọ́. Wọ́n ní irọ́ ni mo ń pa.

Ó dára ju ohunkóhun tí mo ti kọ lọ. Láti ìrọ̀lẹ́ ni ọwọ́ ti ń yún mi. N kò kọ ọ́ síbí.